Ta Ló Ni Ìrìbọmi? Àríyànjiyàn Lórí Àṣà Àtúnrìbọmi

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn Kristẹni Nàìjíríà débi pé ọ̀pọ̀ kò kà á sí èrò mọ́, bí kò ṣe òfin tí Bíbélì fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀: pé ẹni tí wọ́n ṣe ìsàmì fún ní ìkókó kò tíì ṣe ìrìbọmi rárá, àti pé ẹni tó bá ti inú ìjọ kan bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ tún wọ inú omi lábẹ́ ọwọ́ olùṣọ́-àgùntàn tuntun kó tó lè di ọmọ ìjọ ní tòótọ́. Àtúnrìbọmi ni àròkọ yìí yóò máa pe àṣà náà, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ẹni tó ti gba omi ní orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ rì lẹ́ẹ̀kejì, ìbáà jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni nígbà àkọ́kọ́ tàbí pé ó ti dàgbà. Àwọn tó ń ṣe é gbà pé ìṣọ́ra ni, pé ó sàn kí nǹkan mímọ́ pọ̀ jù ju kó dín kù lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ àṣà náà wò dáadáa, ìṣọ́ra kọ́ ni. Ìjọ ló ń sọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ di ohun-ìní ara rẹ̀.

Ìlú kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo ilé gbọ̀ngbọ̀n ni Ekpan, ìlú àwọn Uvwie ní ilẹ̀ Urhobo, tó ti fẹ̀ títí tó fi so pọ̀ mọ́ Effurun àti Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1978 ni àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Igbo, Isoko àti etíkun, tí oníkálukú sì ń gbé ìjọ tirẹ̀ dání bó ṣe ń gbé ẹrù rẹ̀. Kátólíìkì, Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, Àpọ́sítélì àti àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tuntun wà níbẹ̀ ní àdúgbò kan náà, ògiri sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, iṣẹ́, ìgbéyàwó tàbí wíwá àdúrà lè mú ènìyàn kọjá nínú ìjọ mẹ́ta kí irun orí rẹ̀ tó funfun, kì í sì í ṣe ohun àjèjì pé kí ẹnì kan ti gba ìsàmì ní ìkókó, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni tún rì í ní yunifásítì, kí ìjọ ọkọ tàbí ti aya sì tún sọ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé kò tíì ṣe èyí tó pé.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn àṣà náà ní ẹ̀rí kan tó dà bíi pé ilẹ̀ Warri fúnra rẹ̀ ló pèsè rẹ̀ fún wọn. Ìrìbọmi ti wà ní ọ̀dọ̀ àwọn Itsekiri, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan èdè Yorùbá, fún ohun tó lé ní igba ọdún kí míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine, tí wọ́n ń ti erékùṣù São Tomé wá lábẹ́ ààbò Pọtogí, ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Olú Warri, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Sebastian. Nígbà tí òun náà gorí oyè, ó rán ọmọ rẹ̀, Domingos, lọ kàwé ní Pọtogí ní nǹkan bí ọdún 1600. Ọmọ náà padà wálé pẹ̀lú ìyàwó tó jẹ́ ará Pọtogí, ó sì di Olú tí ìtàn mọ̀ sí Atuwatse Kìíní. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé agbègbè náà, ohun tó kù nínú ẹ̀sìn yẹn kò ju àmì díẹ̀ lọ. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé omi lásán ni wọ́n dà sí àwọn ènìyàn náà lórí láìsí àtúnbí, pé ohun tí kò so èso kò lè jẹ́ ìrìbọmi, àti pé irú omi lásán bẹ́ẹ̀ náà ni ìsàmì àwọn ọmọdé lónìí.

Ìtàn náà kò gbe àlàyé yìí. Ohun tí Warri kò rí kì í ṣe omi púpọ̀; olùkọ́ ni. Àwọn àlùfáà tó ń wá kò tó nǹkan, àìsàn ilẹ̀ olómi pa àwọn kan, àwọn mìíràn kò pẹ́ kí wọ́n tó padà, ọ̀pọ̀ ọdún sì ń kọjá tí kò sí àlùfáà kankan nílùú. Sebastian fúnra rẹ̀, ọba tó ti ń darúgbó, ló ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìgbàgbọ́ nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò kọ́ wọn, nígbà tó sì di àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Olú tó wà lórí oyè kọ̀wé sí Póòpù láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn míṣọ́nnárì. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ìrìbọmi kò wọ̀ létí. Ká ní wọ́n tún gbogbo wọn rì lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, tí olùkọ́ kò sì dé, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ ìbá já sí.

Ẹni tó bá ń wá ìdàkejì ọ̀rọ̀ Warri yóò rí i ní Ivory Coast. William Wade Harris, ọmọ Grebo láti Làìbéríà, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní etíkun ibẹ̀ ní 1913 pẹ̀lú àgbélébùú, Bíbélì àti àwo omi. Ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn tó bá kọ òrìṣà sílẹ̀, láìsí kíláàsì, láìsí ìdánwò, àwọn tó sì gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìjọba Faransé tó lé e jáde lé ní 100,000. Omi tó lò kò ju èyí tí àwo lè gbà lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àwọn tó ń tún ènìyàn rì, kò sí ìrìbọmi tó yẹ kó yára kú tó èyí, nítorí pé kò jìn, kò sì ní ẹ̀kọ́ níwájú. Ṣùgbọ́n Harris sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de àwọn olùkọ́ tí yóò mú Bíbélì wá, nígbà tí William Platt ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì dé ibẹ̀ ní 1924, ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣì ń pàdé nínú ilé àdúrà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́, tí wọ́n ń retí olùkọ́ náà. Ìrìbọmi ti ṣáájú, ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ nínú ètò yẹn.

Kókó ọ̀rọ̀ gan-an ni ẹni tó ni ìrìbọmi. Nínú orí kìíní lẹ́tà àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, Pọ́ọ̀lù dúpẹ́ pé àwọn tí òun fọwọ́ ara òun ṣe ìrìbọmi fún níbẹ̀ kò tó nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé orúkọ Pọ́ọ̀lù ni wọ́n fi rì òun. Ìjọ tó ti pín sí ti Pọ́ọ̀lù, ti Àpólò àti ti Kéfà ló ń bá wí. Ìjọ tó ń tún àwọn tó ti ìjọ mìíràn wá rì lónìí ń sọ, bí kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́, pé ọwọ́ tó rì ni ló ń sọ omi di ìrìbọmi, àti pé ọwọ́ tó mọ́ kò sí níbòmíràn. Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ jà á délẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 255 sí 256, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ìlú tó wà ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Tunisia lónìí, sọ pé ẹni tó gba ìrìbọmi lọ́dọ̀ àwọn aládàámọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é tuntun bí ó bá padà wá. Stephen, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, sọ pé rárá, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin, àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus ní Áfíríkà ti Àríwá gbé ọ̀rọ̀ Cyprian kọjá ibi tó fi í sí. Nígbà inúnibíni, àwọn àlùfáà kan ti fi Ìwé Mímọ́ lé ọwọ́ ìjọba kí wọ́n dáná sun ún, àwọn ará Donatus sì sọ pé ohunkóhun tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣe ti kú, tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń tún rì.

Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Arles ní 314 ló fún wọn lésì. Ìlànà tí ìpàdé náà là sílẹ̀ ni pé kí wọ́n bi ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ àwọn aládàámọ̀ bọ̀ léèrè ìgbàgbọ́ tó jẹ́wọ́ nígbà ìrìbọmi rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e, kó parí. Ní nǹkan bí ọdún 400, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, tí òun náà jẹ́ ọmọ Áfíríkà, tú ìdí rẹ̀ palẹ̀: Kristi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìrìbọmi, àlùfáà kò ju ìránṣẹ́ lọ, ẹ̀ṣẹ̀ ìránṣẹ́ kò sì lè ba iṣẹ́ ẹni tó rán an jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ ní Ekpan tàbí níbikíbi pé pásítọ̀ tó rì lágbájá kò ní Ẹ̀mí, pé ìjọ tó ti wá ti kú, ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará Donatus láìsí àyípadà. Ẹjọ́ náà kò sì ní òpin, nítorí pé bí ìwà ẹni tó rì ni bá lè sọ ìrìbọmi di asán, ó di dandan láti béèrè ta ló rì ẹni náà, ta ló sì rì ẹni tó rì í, títí kò fi ní sí Kristẹni kan láyé tí yóò lè fọkàn balẹ̀ pé òun ti ṣe ìrìbọmi.

Ó yẹ kí ó hàn gbangba pé ọwọ́ àwọn alátakò àtúnrìbọmi náà kò mọ́ nínú ìtàn. Ìjọba Róòmù fi òfin àti ìyà lépa àwọn ará Donatus. Ní Zurich, níbi tí Conrad Grebel ti ṣe ìrìbọmi fún George Blaurock ní oṣù kìíní 1525, ìgbìmọ̀ ìlú ní kí wọ́n ri Felix Manz sínú odò Limmat ní oṣù kìíní 1527 títí ó fi kú, nítorí pé ó ń tún àwọn ènìyàn rì. Ní ilẹ̀ Yorùbá kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, tí J. B. Ṣadare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìsàmì ọmọdé àti oògùn, ọ̀rọ̀ náà parí sí pé wọ́n ní láti kúrò nínú ìjọ ní 1922. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn gbòǹgbò Christ Apostolic Church ti sú yọ. Wọ́n béèrè ìbéèrè tó tọ́ sí ìdáhùn, ilẹ̀kùn ni wọ́n sì fi hàn wọ́n. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn nínú ẹ̀mí máa fi omi dáhùn títí di òní.

Ní ti bí omi ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, ọ̀rọ̀ kò gùn. Dídáké, ìwé ìlànà àwọn Kristẹni ìjímìjí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti wà láti òpin ọ̀rúndún kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì, fẹ́ràn omi ṣíṣàn, ó gba omi mìíràn bí kò bá sí, ó sì gbà kí wọ́n da omi sí ni lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí omi kò bá tó. Cyprian tó ń tún àwọn aládàámọ̀ rì gan-an kọ̀wé sí ẹnì kan tó ń jẹ́ Magnus pé ìrìbọmi aláìsàn tí wọ́n wọ́n omi sí lórí ibùsùn pé pérépéré. Ó sì yẹ kí Yorùbá tó bá ń rin kinkin mọ́ ọ̀rọ̀ adágún rántí Samuel Àjàyí Crowther, tó gba ìrìbọmi ní Freetown ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825 ní ìlànà Ìjọ Áńgílíkà, níbi tí dída omi sí ni lórí ti jẹ́ àṣà, tó sì padà wá ṣe ìrìbọmi fún ìyá tó bí i, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejì 1848. Bó bá jẹ́ pé omi díẹ̀ kì í ṣe ìrìbọmi, a jẹ́ pé ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi ló ṣíwájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì tí wọ́n ń ṣí lé àyà láti fi dá ìrìbọmi rẹ̀ lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló le jù, àwọn Onítẹ̀bọmi sì ni alátakò tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí míṣọ́nnárì wọn, Thomas Jefferson Bowen, ti dé Badagry ní 1850 ni wọ́n ti ń kọ́ni pé ìgbàgbọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú omi, àti pé kò sí àṣẹ kan pàtó nínú Májẹ̀mú Tuntun pé kí a ṣe ìrìbọmi fún ìkókó. Òótọ́ ni pé àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò sí. Òótọ́ náà ni pé àwọn agbo ilé Lídíà àti onítúbú ní Fílípì gba omi lápapọ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, láìsí pé ẹnikẹ́ni ka ọjọ́ orí. Ohun tí ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi gbójú fò ni pé ohun tí ènìyàn kò lóye nígbà tí wọ́n ṣe é fún un lè jẹ́ tirẹ̀ ní kíkún. Ọmọ Yorùbá kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, tí wọ́n ń fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu. Ẹlòmíràn ló pe orúkọ náà, ẹlòmíràn ló ṣe àmín. Nígbà tó bá yá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, nígbà tó bá sì dàgbà ni yóò mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tí yóò tún ìkómọ ṣe fún ẹni ọgbọ̀n ọdún nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ìjọ tó ń ṣe ìsàmì ọmọdé ń retí nígbà ìgbọ́wọ́lé, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù ti ń gbé ọwọ́ lé ẹni tó ti gba ẹ̀kọ́ lórí, tí ẹni náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí àwọn òbí àti baba ìsàmì ti jẹ́ fún un.

Àwọn kan a máa na ọwọ́ sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti bá àwọn ọmọlẹ́yìn bíi méjìlá pàdé ní Éfésù, tí wọ́n sì tún ṣe ìrìbọmi. Àkọsílẹ̀ náà sọ ìdí rẹ̀ kedere: ìrìbọmi Jòhánù ni wọ́n ti ṣe, wọn kò tíì gbọ́ nípa Ẹ̀mí Mímọ́, kò sì tíì sí ẹni tó ṣe ìrìbọmi fún wọn ní orúkọ Jésù. Láti mú ibẹ̀ yẹn lò fún ẹni tí wọ́n ti rì ní orúkọ Mẹ́talọ́kan ni láti sọ pé ọ̀dọ̀ Jòhánù ni Kátólíìkì tàbí Mẹ́tọ́díìsì ti wá.

Èrò tó wà nídìí gbogbo èyí, pé ìrìbọmi jẹ́ ẹ̀bùn fún ẹni tó ti parí ìwà títọ́, kì í ṣe ti àwọn ìjọ tuntun nìkan. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà láti gbogbo àgbáyé, níbi ìpàdé wọn ní Lambeth, pinnu pé wọn kò ní gba olóbìnrin púpọ̀ sí ìrìbọmi, àyàfi kó máa dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gba ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n gbà pé àwọn ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè ṣe ìrìbọmi ní àwọn ìgbà mìíràn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kọjá kí Lambeth ti 1988 tó yọ̀ǹda pé kí wọ́n gba ọkùnrin náà pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ bá wà láàyè. Àwọn tó sọ ẹnu ọ̀nà di ibi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn fún ìwà rere, kò yẹ kí ó yà wọ́n lẹ́nu pé àwọn mìíràn wá ń fi ìwọ̀n kan náà wọn àwọn ọmọ tiwọn.

Àwọn ìjọ àtijọ́ yìí sì ló bu epo sí iná náà. Níbi tí ìsàmì ti di ayẹyẹ tí aṣọ ẹbí àti ìrẹsì ti borí ẹ̀jẹ́, níbi tí baba ìsàmì kò ti mọ ilé ọmọ tó dúró fún, tí ìwé ẹ̀rí ìsàmì sì wúlò fún ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé àti ìgbéyàwó ju fún ohunkóhun mìíràn lọ, kò sí bí ọ̀dọ́ tí ìwàásù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lọ́kàn kò ṣe ní rò pé ohun kan kò tíì ṣẹlẹ̀ sí òun. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i ni ẹ̀kọ́, bíi ti àwọn ará Warri lábẹ́ Sebastian, àmọ́ omi ni wọ́n tún ń gbé fún un.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà, kò sì fara sin. Òfin Ìjọ Kátólíìkì ti 1983 kò gbà kí wọ́n tún ìrìbọmi ṣe, kódà fún ẹni tó ti ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì wá. Ìgbà tí iyèméjì tó lágbára bá wà lórí bóyá wọ́n ṣe é lóòótọ́ nìkan ni wọ́n lè ṣe é, lórí àdéhùn pé bó bá jẹ́ pé kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìwé tí ìgbìmọ̀ Ìgbàgbọ́ àti Ètò ti Àjọ Àwọn Ìjọ Àgbáyé fọwọ́ sí ní Lima ní 1982 náà sọ pé ìṣe èyíkéyìí tó bá lè dà bí àtúnrìbọmi gbọ́dọ̀ di ohun tí a yẹra fún. Àwọn Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian Nàìjíríà tó fẹ́ di ìjọ kan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1965 kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni padà sínú omi. Ìrẹ́pọ̀ náà fọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìbọmi ló fọ́ ọ.

Ó ku àtakò kan tó ní ọkàn nínú: ẹni tí ó fẹ̀sẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ńkọ́, tí kò sí ìjọ tó fipá mú un, tó ń sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun nígbà tí òun kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi, pé ẹ̀tàn ni òun fi wọ inú omi? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Símónì ará Samáríà, oníṣẹ́ oṣó, gbàgbọ́, ó sì ṣe ìrìbọmi lọ́wọ́ Fílípì; kò pẹ́ tó fi fẹ́ fi owó ra agbára Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́wọ́ àwọn àpọ́sítélì. Pétérù sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò tọ́ níwájú Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ tó le ju èyí tí pásítọ̀ èyíkéyìí ní Ekpan lè sọ nípa ìsàmì ọmọ ìkókó. Lẹ́yìn náà ó ní kó ronú pìwà dà, kó sì gbàdúrà. Omi wà ní Samáríà, Pétérù kò sì pè é padà sínú rẹ̀.